Ohun Kékeré Tí Ń Pín Iná Nínú Ẹ̀rọ Ọkọ̀ Ojú Omi

Bí mo ti kọ àkọlé ọ̀rọ̀ yìí tán ni mo ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá mọ ìlú wa Àgbàdo yóò béèrè pé, kí ni ó da ará Àgbàdo pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi? Òtítọ́ ni, ìlú ojú irin ni ìlú wa. Rélùwéè tí a bẹ̀rẹ̀ sí là láti Èkó ní ọdún 1896, tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, àárín wa ni ó gbà kọjá; ojú irin tuntun tí ó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, tí a ṣí ní ọdún 2021, àárín wa náà ni ó gbà. Fèrè ọkọ̀ ojú irin ni ó ń jí wa lówùúrọ̀, kì í ṣe ìró àjẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Àkútè kọjá síwájú kì yóò pẹ́ kí ó tó kan odò Ògùn, odò kan náà tí a ti ń fa omi fún àwọn ará Èkó mu, tí ó sì ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ Ìṣẹri kọjá kí ó tó wọ inú ọ̀sà.

Ní Ìṣẹri yìí ni ọ̀rẹ́ mi kan, oníṣòwò pákó, ń so ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo ń bá a kọ ìwé owó rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, nítorí náà kò sí kọ́bọ̀ kan tí ó ná lórí ọkọ̀ náà tí kò gba abẹ́ gègé mi kọjá. Ọkọ̀ àtijọ́ ni. Òyìnbó kan tí ń padà sí ìlú rẹ̀ ni ó tà á fún un. Ẹ̀rọ rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí a ń gbé kọ́ sí ìdí ọkọ̀, bí Yamaha tí ó kún gbogbo èbúté wa. Inú ikùn ọkọ̀ ni ó wà, lábẹ́ ìdérí: ẹ̀rọ bẹntiróòlù onísìlíńdà mẹ́rin, oní lítà 3, irú èyí tí General Motors ti Amẹ́ríkà ṣe, tí àwọn MerCruiser sì sọ di ti ojú omi. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rẹ́ mi a máa fi ọkọ̀ yìí lọ wo pákó ní etí ọ̀sà. Nígbà òjò, iṣẹ́ mìíràn ni ọkọ̀ náà ń ṣe. Gbogbo ẹni tí ó ní ilé ní apá ibẹ̀ mọ ohun tí ojú wọn ń rí bí òjò bá pọ̀, tí a sì jẹ́ kí omi tú láti ibi tí a ti sé odò Ọ̀yán láti ọdún 1983. Omi a gòkè, a wọ ojú títì, a wọ yàrá. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi ni ó ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé àdúgbò rẹ̀ kọjá omi, kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ Olóòtú kí ó fún mi ní àyè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún 2022, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣàìsàn. Bí a bá fẹ́ tan án lówùúrọ̀, yóò wú ikọ́ bí ọkùnrin tí ó mu tábà púpọ̀; bí ó bá sì jí, kò lè fa ẹrù. Ó ń jẹ epo bí ẹni tí kò jẹun láti àná. Ọ̀rẹ́ mi pa kabúrétọ̀ dà, kò yí padà. Ó pa púlọ́ọ̀gì dà, ó sàn fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tún padà sí bí ó ti wà. Nígbà náà ni ó pe ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan láti Àgbàdo wá, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú mọ́tò, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀, ó di ọ̀pá àárín rẹ̀ mú, ó mì ín sí ọ̀tún àti sí òsì. Ọ̀pá náà ń jó gèlè-gèlè bí eyín arúgbó. Ó ní, “Ọ̀gá, èyí ti kú. Ẹ lọ ra òmíràn.”

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni èmi fi ẹsẹ̀ mi sí ọ̀rọ̀ náà. Iye tí a pè fún dísítíríbútọ̀ tí a ṣe fún ọkọ̀ ojú omi, tí a ó rán wá láti òkè òkun, tó ìlọ́po mẹ́wàá iye àlòkù kan tí mẹkáníìkì náà rí níbi tí wọ́n ti ń ta páátì mọ́tò. Ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan ni wọ́n ti tú u, ẹ̀rọ ọkọ̀ náà sì bá ti ọkọ̀ ojú omi wa tan. Ó wọ ihò náà bí ẹni pé ibẹ̀ ni a bí i sí. Ọ̀rẹ́ mi wo ojú mi gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀. Èmi ni mo sọ pé kí ó ra ti mọ́tò. Mo kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, inú mi sì dùn sí owó tí a fi pamọ́.

Ọkọ̀ náà tún jí, ó ń sáré. A yin ara wa. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá ọdún náà tí omi kún, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọmọ ilé ìwé bí mọ́kànlá dúró ní etí omi, wọ́n di ìwé wọn sínú ọ̀rá, wọ́n ń dúró kí ọkọ̀ sún mọ́ wọn. Èmi náà wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin tí ń bá ọ̀rẹ́ mi tu ọkọ̀ nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ìró kan dún gbàmù, ìdérí ẹ̀rọ fò sókè, iná sì yọ ní ikùn ọkọ̀. Ọmọ náà bẹ́ sínú omi. Iná ti jó apá rẹ̀ méjèèjì àti irun ìpéǹpéjú rẹ̀ kí ó tó bẹ́. A fi iyanrìn pa iná náà. Ọmọ náà lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ilé ìwòsàn, a sì dúpẹ́ pé ojú rẹ̀ kò fọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà ni, n kò mọ ohun tí à bá máa sọ lónìí fún àwọn ìyá ọmọ mọ́kànlá.

Lẹ́yìn èyí ni a wá Bàbá kan rí, ẹni tí ó ti tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Àpápá fún ọgbọ̀n ọdún kí ó tó wá fi Ìfọ̀ ṣe ibùjókòó. Nígbà tí ó dé, kò béèrè ohunkóhun. Ó wo dísítíríbútọ̀ tí ó wà lára ẹ̀rọ náà, ó yí ojú sí mi, ó ní, “Akọ̀wé, ta ni ó ní kí ẹ gbé orí ewúrẹ́ lé ọrùn àgùntàn?” N kò ní èsì.

Ohun tí Bàbá kọ́ wa láti ọjọ́ náà ni mo fẹ́ sọ, pẹ̀lú díẹ̀ tí èmi tìkára mi kà nínú ìwé lẹ́yìn náà.

Ẹ̀rọ bẹntiróòlù kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná tí ń ta nínú sìlíńdà. Láyé ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì ni ó ń fúnni ní iná yìí. Ní ọdún 1902 ni Gottlob Honold, tí ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Robert Bosch ní Jámánì, ṣe èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀ tó láti mú iná fo àlàfo púlọ́ọ̀gì. Lẹ́yìn èyí ni Charles Kettering ará Amẹ́ríkà fi bátìrì àti kọ́ìlì ṣe tirẹ̀, tí ilé iṣẹ́ Cadillac sì gbé e sínú ọkọ̀ wọn ti ọdún 1910. Ọ̀nà Kettering yìí ni ó gbòde fún ọgọ́ta ọdún, òun náà ni ó sì wà nínú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bátìrì ń fúnni ní fólítì 12, èyí kò tó láti fo àlàfo kankan. Ó ń gba inú kọ́ìlì lọ sí kọ́ńtáàtì, èyíinì ni irin kékeré méjì tí wọ́n fi ẹnu ko ẹnu nínú dísítíríbútọ̀. Ọ̀pá tí ń yí ní àárín ní igun mẹ́rin. Bí igun kan bá ti gbún wọn, ẹnu wọn a yà. Ní ìṣẹ́jú tí ẹnu wọn yà yìí gan-an ni kọ́ìlì ń tu agbára tí ó ti kó jọ jáde, fólítì 12 a sì di bí 20,000. Agbára ńlá yìí a wọlé láti àárín ìdérí, rọ́tọ̀ a gbà á, a sì máa pín in fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń yí. Orúkọ rẹ̀ kò ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ: olùpín ni.

Ṣùgbọ́n kì í pín in bí a ti ń pín ẹran lọ́jọ́ ọdún. Sìlíńdà kìn-ín-ní ni ó ń kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀kẹta, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀kẹrin, ìkejì a sì gbà kẹ́yìn. A ní àìfàgbà fún ẹnìkan ni kò jẹ́ kí ayé gún. Nínú ẹ̀rọ yìí, bí ẹ bá to wáyà ní 1, 2, 3, 4 láti fi ọ̀wọ̀ àgbà hàn, kò ní gún rárá. Yóò máa yìnbọn láti ẹnu kabúrétọ̀ ni. Ẹ sì wo bí iṣẹ́ náà ti yá tó: bí ẹ̀rọ bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kọ́ńtáàtì méjì yìí gbọ́dọ̀ ya ẹnu kí wọ́n sì tún pa á dé ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan náà, èyíinì ni ọgọ́rùn-ún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò yani lẹ́nu pé wọ́n ń gbó.

Ohun tí ó fẹ́ pa ọmọ wa nìyí. Nígbàkígbà tí kọ́ńtáàtì bá ya ẹnu, iná díẹ̀ a máa ta láàárín wọn. Orí rọ́tọ̀ náà a sì máa ta iná sí ìdérí. Nínú mọ́tò, kò sí ewu, nítorí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lábẹ́ bọ́néẹ̀tì, epo tí ó bá jò a kán sílẹ̀ sí ojú títì. Ikùn ọkọ̀ ojú omi kò rí bẹ́ẹ̀. Àwo ni. Ooru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bí ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí epo bá kán sílẹ̀ lóru, ooru rẹ̀ a jókòó sí ìsàlẹ̀ bí omi inú àwo, a sì dúró de iná. Bí ó bá ti tó apá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, ó ti lè gbiná.

Nítorí ìdí yìí, dísítíríbútọ̀ tí a ṣe fún ọkọ̀ ojú omi ní àwọ̀n wáyà wẹ́wẹ́ lójú ihò tí ó fi ń mí. Bí ooru epo bá wọ inú rẹ̀, tí ó sì gbiná níbẹ̀, àwọ̀n náà a gba gbígbóná lára iná náà, kò sì ní lè jáde bá ooru tí ó wà níta. Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú àtùpà tí Humphry Davy ṣe fún àwọn awakùsà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1815. Dísítíríbútọ̀ mọ́tò kò ní àwọ̀n. Ihò rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òfin ìjọba Amẹ́ríkà kò gbà kí a fi irú rẹ̀ sí ibi tí ẹ̀rọ bẹntiróòlù ọkọ̀ ojú omi wà. Bákan náà ni kò gbà kí a fi jẹnẹrétọ̀ bátìrì àti sítátà tí ó jẹ́ ti mọ́tò síbẹ̀. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ní, wọn a bá ihò náà mu, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan. Owó tí mo bá ọ̀rẹ́ mi fi pamọ́, owó àwọ̀n yẹn ni.

Ohun kejì tún wà, èyí tí kì í pa ènìyàn ṣùgbọ́n tí ó ń pa ẹ̀rọ. Epo inú sìlíńdà kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń gba àkókò díẹ̀. Nítorí náà iná gbọ́dọ̀ ta kí písítìn tó gòkè dé òpin, bí ẹ̀rọ bá sì ti ń sáré sí i ni ó yẹ kí ó máa yá sí i. Irin wúwo kékeré méjì tí sípíríǹgì dì mú, tí ó wà lábẹ́ àwo kọ́ńtáàtì, ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí: bí ọ̀pá bá yí kíkankíkan, wọn a là sí ẹ̀gbẹ́, wọn a sì ti igun ọ̀pá náà síwájú. Ti mọ́tò tún ní agolo pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ọ̀pá rọ́bà so mọ́ kabúrétọ̀, èyí tí ń mú iná yá sí i nígbà tí mọ́tò bá ń rìn gẹ̀rẹ̀-gẹ̀rẹ̀ láìní wàhálà. Ọkọ̀ ojú omi kò mọ gẹ̀rẹ̀-gẹ̀rẹ̀. Bàbá ní, “Ọkọ̀ ojú omi dàbí mọ́tò tí ń gun òkè láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí òkè náà kò sì lópin.” Bí iná bá yá jù nínú ẹ̀rọ tí ń ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀, písítìn a máa kan gbọ̀ngbọ̀n bí òòlù alágbẹ̀dẹ, nígbà tí ó bá ṣe, a lu. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹ̀rọ a gbóná, kò ní lágbára, a sì máa jẹ epo lásán. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ní ẹ̀rọ méjì tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí ọ̀kan nínú wọn lè máa yí sí apá òdìkejì, dísítíríbútọ̀ tirẹ̀ kò sì ní bá èkejì lò.

Kí ni a ṣe nígbà náà? Bàbá béèrè ti àtijọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì náà, tí ojú ń tì gidigidi, lọ wá a nínú agbọ̀n irin àlòkù rẹ̀ ní Àgbàdo. Ó ṣe wá láàánú pé kò tíì tà á fún àwọn tí ń ra irin. Bàbá yọ ọ̀pá rẹ̀, ó sì fi hàn wá pé ọ̀pá kò ní àìsàn. Bọ́ṣì idẹ tí ó gbé e dúró ni ó jẹ. Ó rán wa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń fi ẹ̀rọ leéẹ̀tì gbẹ́ irin ní Ṣángo. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ó fi gbẹ́ bọ́ṣì tuntun méjì, owó tí ó gbà kò tó iye tí a fi ra àlòkù mọ́tò. Mo kọ èyí náà sínú ìwé, ọwọ́ mi sì wúwo.

Bí a ti ń tò ó padà, Bàbá kò gbà kí ẹnikẹ́ni kánjú. Ó fọ àwọ̀n wáyà náà, ó wò ó lójú oòrùn bóyá ó ti ya. Ó yẹ ìdérí wò fún ìlà dúdú wẹ́wẹ́ tí ó dàbí ọ̀nà èèrà, nítorí ibẹ̀ ni iná ń gbà sá lọ bí ìrì bá wọ ọ́. Ìrì odò kì í sì í wọ́n. Kọ́ńtáàtì àtijọ́ ti jó, ẹnu ọ̀kan yọ góńgó, ti èkejì jìn. Ó ní kọ́ńdẹ́ńsà ni ó fa èyí, àti pé ẹni tí ó bá pa kọ́ńtáàtì dà láìpa kọ́ńdẹ́ńsà dà yóò padà wá. Ó fi irin pẹlẹbẹ tí a ń pè ní féélà wọn àlàfo tuntun náà. Ìwé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ iye tirẹ̀; ti púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ onísìlíńdà mẹ́rin kò jìnnà sí 0.4 mìlímítà, èyíinì ni ìwọ̀n páálí tín-ín-rín kan. Ó fi gíríìsì díẹ̀, bí orí ìṣáná, pa igun ọ̀pá. Bí ó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò fọ́n sí ẹnu kọ́ńtáàtì.

Àlàfo ni a kọ́kọ́ ń tò, lẹ́yìn náà ni táímìnì. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí mo ti rí ọ̀pọ̀ tí ń ṣe é ní ìdàkejì. Bí àlàfo bá fẹ̀ sí i, ẹnu a tètè yà, iná a yá; bí ó bá dín, iná a pẹ́. Nítorí náà ẹni tí ó bá to táímìnì tán kí ó tó wá fọwọ́ kan àlàfo ti ba iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́. Láti mọ ìgbà tí sìlíńdà kìn-ín-ní wà lókè, Bàbá yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó ní kí n fi àtàǹpàkò dí ihò náà, ó sì yí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Nígbà tí atẹ́gùn tì mí lọ́wọ́, a wo àmì tí ó wà lára páálì iwájú ẹ̀rọ, a sì dá a dúró ní dígíríì tí ìwé sọ. Rọ́tọ̀ kọjú sí wáyà kìn-ín-ní gẹ́lẹ́. Ó wá mú gílóòbù kékeré fólítì 12, ó so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́ ibi tí wáyà kọ́ìlì ti wọ dísítíríbútọ̀, ó so èkejì mọ́ irin ẹ̀rọ. Bí kọ́ńtáàtì bá pa ẹnu dé, gílóòbù kò ní tàn. Ní ìgbà tí ó bá yà gan-an ni yóò tàn. Ẹni tí kò bá ní iná táímìnì ti òyìnbó lè fi èyí ṣe é, kò sì ní ṣìnà púpọ̀.

Níbí ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì náà dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ṣé kò ní sàn kí a yọ kọ́ńtáàtì yìí kúrò pátápátá, kí a fi ẹ̀lẹ́kítírọ́níìkì sí i?” Ohun tí ó ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ilé iṣẹ́ Chrysler ti Amẹ́ríkà ti yọ kọ́ńtáàtì kúrò nínú àwọn mọ́tò rẹ̀ ti ọdún 1973, General Motors sì tẹ̀lé e ní ọdún 1975. Àwọn kan sì ń ṣe àpótí kékeré tí ó ń wọ abẹ́ ìdérí dísítíríbútọ̀ àtijọ́, tí òrùka onímágínẹ́ẹ̀tì kan lára ọ̀pá ń sọ fún un ìgbà tí yóò tu iná. Kò sí irin tí ń kan irin, nítorí náà kò sí ohun tí ń gbó. Bí a bá to táímìnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń pẹ́ kí ó tó yẹ̀.

Bàbá kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní kọ́ńtáàtì a máa ṣàìsàn kí ó tó kú, ṣùgbọ́n àpótí yìí a kú lójijì, láìdágbére, ní àárín ọ̀sà, ẹni tí ó wà níbẹ̀ kò sì lè fi sípánà jí i. Ó ní bí ẹnìkan bá fi ẹsẹ̀ bátìrì so ní òdì, ó kú. Bí ẹnìkan bá ṣí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ tí ẹ̀rọ kò yí, ó lè kú, tàbí kí kọ́ìlì jó. Gbogbo èyí ni òtítọ́. Ọ̀rẹ́ mi wò wọ́n lọ wò wọ́n bọ̀, èmi kò sì dá sí i, nítorí mo ti dá sí i rí.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí a fi ẹ̀lẹ́kítírọ́níìkì sínú dísítíríbútọ̀ ọkọ̀ ojú omi náà, láìfọwọ́ kan ìdérí, àwọ̀n àti irin wúwo rẹ̀. Kí a ra kọ́ìlì tí ó bá àpótí náà mu. Kí a sì to kọ́ńtáàtì tuntun àti kọ́ńdẹ́ńsà rẹ̀ sórí àwo wọn pẹ̀lú àlàfo tí a ti wọ̀n, kí a fi wọ́n sínú agolo tí a fi ọ̀rá dì, lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, pẹ̀lú sípánà kan, féélà kan àti gílóòbù náà. Bí àpótí bá kú, a lè pa á dà láàárín ìdajì wákàtí. Èmi tìkára mi rò pé èyí ni ó dára jù fún ẹni tí ń ru ọmọ ọlọ́mọ, nítorí ohun tuntun ń ṣiṣẹ́, ohun àtijọ́ sì ń ṣọ́ ọ. Bàbá ṣì ń pe àpótí náà ní “òkú tí ń rìn.”

Wọ́n tún so fáànù kan mọ́ ikùn ọkọ̀, irú èyí tí a ṣe fún ojú omi, láti fa ooru epo jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó yí kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí yóò tan ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí kí ó fi imú ara rẹ̀ gbọ́ òórùn, nítorí fáànù kò lè sọ fún un pé epo ń jò.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lo ẹ̀rọ ìdí ọkọ̀ bí Yamaha kò ní láti wá dísítíríbútọ̀ kiri. Abẹ́ páálì orí ẹ̀rọ náà ni iná rẹ̀ ti ń wá, orí ìdí ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni ó sì wà. Ewu tirẹ̀ wà lára kẹ́ẹ̀gì epo tí a ń kó sí abẹ́ ẹsẹ̀ èrò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ní ti owó, kí n sọ ohun tí ìwé mi sọ. Ẹ rántí pé láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, lítà bẹntiróòlù kan tí a ń rà ní iye tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500, ó sì kọjá 1,000 náírà ní ọdún 2024. Ìrìn àjò tí ó ń gba ọkọ̀ yìí ní kẹ́ẹ̀gì méjì nígbà àìsàn rẹ̀ ń gbà á ní kẹ́ẹ̀gì kan àti díẹ̀ nísinsìnyí. Bọ́ṣì idẹ méjì àti táímìnì tí ó tọ́ ni ó mú èyí wá. Iye tí a ti rí kó jọ láti ara epo nìkan ti ju owó dísítíríbútọ̀ tuntun tí mo ní kí a má rà lọ.

Ọjọ́ tí a tan án, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2023, ọmọkùnrin tí iná jó wá. Àpá wà ní apá rẹ̀ méjèèjì, kò sì wọ inú ọkọ̀. Ó dúró ní etí omi, ní ibi tí àwọn ọmọ ilé ìwé dúró sí lọ́jọ́ náà. Bàbá kò pè é. Ó kàn na gílóòbù náà sí i láti inú ọkọ̀, ó ní kí ó bá òun dì í mú, wáyà rẹ̀ kò gùn tó láti dé etí omi. Ọmọ náà dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ká ṣòkòtò rẹ̀, ó wọlé. Fáànù ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí a ti dé. Bàbá fi ọwọ́ yí dísítíríbútọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, gílóòbù tàn, ọmọ náà ní, “Bàbá, ó ti tàn.” Bàbá ní kí ó mú sípánà kí ó dè é, kí ó dè é dáadáa, nítorí òun ni yóò tan ẹ̀rọ náà.